Iyán Mọ́kànlá Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tọ́jú àwòrán lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó gbà á ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kiri àwọn abà àti ìlú kéékèèké. Níbi tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ, wọn a ri páìpù mọ́lẹ̀ láti ìdí kànga dé ibi tí omi yóò ti máa yọ, ìbáà jẹ́ iléèwé, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da erùpẹ̀ bo páìpù kan láìjẹ́ pé wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀. Bí erùpẹ̀ bá ti bò ó tán, tí koríko hù sí i, fọ́tò yẹn nìkan ni a fi lè mọ ibi tí ó gbà.

Gbé ẹsẹ̀ rẹ lé àpótí yẹn, Abọ́sẹ̀dé. Ẹsẹ̀ náà ti wú. Ọ̀rọ̀ mi kò ní pẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ a fi fóònù ya fọ́tò àti fídíò, wọn a fi í ránṣẹ́ sí ọkùnrin yìí, òun a sì kó o sínú kọ̀ǹpútà. Láàárín ọdún mẹ́fà, ohun tí ó wà níbẹ̀ ti lé ní ẹgbàá mẹ́wàá. Ó sì mọ̀ wọ́n. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ wọ́n. Bí ọ̀gá bá béèrè pé, "Fọ́tò ìlú tí ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ ńkọ́?" kí ọ̀gá tó pa ẹnu dé, ó ti ṣí i sílẹ̀.

Bí ó ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Àwọn tí ń gbẹ́ kànga yẹn ní àṣà kan. Ibi tí wọ́n bá lọ, àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n máa ń se oúnjẹ fún wọn, torí pé inú wọn dùn pé omi ń bọ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá padà dé, wọn kì í fi orúkọ ìlú pe ìlú mọ́. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n á ní, "Níbi tí a ti jẹ iyán ọjọ́sí." Wọ́n á ní, "Níbi tí wọ́n ti fi ẹran ìgbẹ́ ṣe wá lálejò." Orúkọ yẹn gan-an ni ọkùnrin náà ń kọ sára fódà. Ó kọ "Iyán". Nígbà tí iyán mìíràn dé, ó kọ "Iyán kejì". Ó kọ "Iyán tó tutù". Ó kọ "Ẹ̀bà, wọn ò fún wa lẹ́ran". Tí o bá sì ṣí fódà, àwọn fọ́tò inú rẹ̀ kò lórúkọ kankan ju nọ́ńbà gbọọrọ tí fóònù fún wọn. Gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà la máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ẹnjiníà tuntun kan dé síbẹ̀, obìnrin ni, ó sì kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó dé, ó wá bá a lórí tábìlì rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa kọ orúkọ ìlú sí i. Ká kọ ọjọ́ tí a yà á, ká sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀ á lè tẹ orúkọ ìlú, á sì rí i."

Ọkùnrin náà ní, "Kí lẹ wá fẹ́ máa wá kiri sí? Èmi ṣáà jókòó síbí. Ẹ bi mí."

"Bí ẹ ò bá sí ńlé ńkọ́?"

"Mo ní fóònù."

Ẹnjiníà kò bá a fà á. Àgbà ni ọkùnrin náà jẹ́ sí i, obìnrin náà kò sì fẹ́ kí ó dà bíi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá sọ iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni di yẹpẹrẹ. Ó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ohun tí ó wà lọ́kàn ọkùnrin yẹn kò ṣòroó mọ̀. Owó oṣù rẹ̀ kéré. Kò ní oyè kankan nílé iṣẹ́. Àmọ́ láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn ń wá sórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n á kí i, wọ́n á bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ, wọ́n á gbé ẹ̀pà tàbí àgbàdo sísun kalẹ̀ fún un, kí wọ́n tó béèrè fọ́tò tí wọ́n bá wá. Ọ̀gá pàápàá máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí orúkọ bá ti wà lára gbogbo nǹkan, kò ní sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi yà sọ́dọ̀ òun mọ́. N kò dá a lẹ́bi. Ó máa ń dùn mọ́ èèyàn kí wọ́n máa wá a. Ṣùgbọ́n nítorí adùn yẹn, ó ń fi iṣẹ́ de ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì mọ̀.

Abà kan wà tí wọ́n ń pè ní Elérùpẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà kan ni ó ń ṣe àbójútó rẹ̀. Kí kànga tó dé, bí obìnrin bá ń rọbí níbẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò gbé korobá lọ sódò. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ yẹn gbẹ́ kànga fún wọn ni omi tó dé inú yàrá ìgbẹ̀bí, ẹ̀rọ omi tí èèyàn kàn máa yí lásán. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń lò ó. Àwọn ará abà wá pinnu láti kọ́ yàrá mìíràn mọ́ ẹ̀yìn ilé ìwòsàn náà, torí pé àwọn aboyún ti ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi rí katakata kan yá láti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ọjọ́ Bọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì àgbà pe ilé iṣẹ́. Òun kọ́ ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ri páìpù, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni páìpù yẹn gbà lábẹ́ ilẹ̀? Omi yìí nìkan la ní. Bí katakata bá gé e, mi ò mọ ohun tí mo máa fi gbẹ̀bí."

Ẹnjiníà gbé ìbéèrè náà lọ sórí tábìlì ọkùnrin olùtọ́jú àwòrán. Ó sọ fún un pé Elérùpẹ̀ ni.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Elérùpẹ̀? Iyán ni. Iyán ẹlẹ́gúsí." Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Iyán mọ́kànlá ni ó wà níbẹ̀. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó sì tẹ ìkarùn-ún. Ilé ìwòsàn yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀dà funfun àti ewéko. Igi máńgòrò wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Páìpù hàn gedegbe nínú kòtò, ó gba apá òsì igi náà, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Òun nìyí."

Ẹnjiníà ní, "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi."

Wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù nọ́ọ̀sì àgbà. Obìnrin yẹn dúpẹ́ bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó wá èèkàn igi, ó kàn wọ́n mọ́ apá òsì igi máńgòrò, ó so aṣọ pupa mọ́ wọn, ó sì sọ fún awakọ̀ katakata pé apá ọ̀tún nìkan ni kí ó gbẹ́. Awakọ̀ náà sì ṣe bí ó ti wí. Ní ọjọ́ Bọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ó gbẹ́ apá ọ̀tún, ó gé páìpù sí méjì, omi tú jáde láti inú ilẹ̀, ó sì kún gbogbo àgbàlá.

Fọ́tò yẹn kì í ṣe ti Elérùpẹ̀. Ti ibòmíràn tí wọ́n ń pè ní Òkè Agídí ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì. Ìjọba kan náà ni ó kọ́ ilé ìwòsàn méjèèjì, ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kùn wọ́n, igi máńgòrò sì wà ní ẹ̀yìnkùlé àwọn méjèèjì. Níbi méjèèjì náà ni wọ́n ti fi iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ṣe àwọn òṣìṣẹ́ lálejò. Ọkùnrin náà kò gbàgbé nǹkan kan, Abọ́sẹ̀dé. Iyán tí ó rántí, lóòótọ́ ni wọ́n jẹ ẹ́. Ìlú ni kì í ṣe ìlú rẹ̀.

Obìnrin kan ń rọbí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Omi kò sí mọ́ nínú yàrá, èyí tí ó kún àgbàlá sì ti di ẹrẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò sì ti fà wálẹ̀, ẹrẹ̀ ni àwọn tí ó gbé korobá lọ ń bù bọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo omi tí ó wà nínú korobá, ó ní òun kò ní fi èyí gbẹ̀bí. Wọ́n gbé obìnrin náà lé ọ̀kadà láàárín ọlọ́kadà àti ìyá rẹ̀, wọ́n kọrí sí ìlú ńlá, nọ́ọ̀sì àgbà sì wà lórí ọ̀kadà kejì pẹ̀lú ike omi mímu méjì. Wọn kò débẹ̀. Abẹ́ igi kajú kan lẹ́bàá ọ̀nà ni ọmọ náà ti wáyé.

Ọmọ yè, ìyá yè. Mo tètè sọ ọ́ kí ọkàn rẹ má bàa máa fò, nínú ipò tí o wà yìí. Ṣùgbọ́n àbúrò èèyàn ni obìnrin yẹn, ìyàwó èèyàn ni, ìhòòhò ni ó sì bímọ lẹ́bàá ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Ó ń dùn mí títí di òní.

Omi kò yọ ní Elérùpẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọn kò mọ ibi tí ìyókù páìpù gbà, nítorí náà wọ́n ní láti máa fi ṣọ́bìrì wá a kiri. Ọkùnrin olùtọ́jú àwòrán sọ pé òun fẹ́ bá wọn lọ. Èmi ni mo wa ọkọ̀ nígbà yẹn, èmi ni mo gbé e lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ gbogbo èyí. Ìgbà tí a dé ibi igi kajú yẹn, ó ní kí n rọra wa ọkọ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, ó lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi ni mo fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì àgbà kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ dìde, sà. Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí." Ọgbẹ́ ọmọdé kan ni ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, omi ife kan ni ó fi ń wẹ̀ ẹ́, ó ń ṣún un lò.

Bí a ṣe dúró síbẹ̀ ni ìyálọ́mọ kan wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ní káàdì ọmọ òun ti sọnù, òun kò sì mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fún un tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kò gbé orí sókè. Ó ké sí ìyá tí ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ bá mi mú ẹ̀dà káàdì ọmọ yìí wá." Ìyá náà fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó bi ìyálọ́mọ ní ọdún àti oṣù tí ó bímọ àti orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ó lọ sídìí pẹpẹ kan tí páálí bisikíìtì tò sí. Ọdún ni wọ́n kọ sára páálí, oṣù wà lára bébà tí wọ́n fi pín inú rẹ̀, orúkọ ìyá wà lókè káàdì kọ̀ọ̀kan. Ó na ọwọ́, ó sì fa káàdì kan yọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó gbé e fún nọ́ọ̀sì àgbà, ó sì padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ń wò ó. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ṣé ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ ibi tí káàdì wà, mà?"

Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Èmi kọ́ ni mo jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ara páálí ló ti kà á. Wọ́n lè gbé mi kúrò ńbí lọ́la, sà. Tí mo bá ń lọ, ṣé kí n gé orí mi sílẹ̀ fún wọn ni? Ọmọ ló ni káàdì. Èmi kàn ń bá a mú un dání."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ń sọ iye owó iyọ̀. Mo rí i tí ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó dúró ti àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi kan ìyókù páìpù. Ó ya fọ́tò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó da erùpẹ̀ lé e, ó ti jókòó sórí òkúta, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó sì ń kà á jáde bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: Abà Elérùpẹ̀, ilé ìwòsàn, ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, páìpù gba apá ọ̀tún igi máńgòrò, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí.

Àwọn ará abà gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ti fojú wọn rí. Iyán ni. Ọkùnrin náà wò ó títí, kò lè jẹ ẹ́.

Oṣù mẹ́rin ni ó fi tún kọ̀ǹpútà yẹn ṣe. Ó ń pe àwọn tó gbẹ́ kànga wá jókòó tì í, méjì méjì, kí wọ́n jọ wo fọ́tò kí wọ́n sì rántí ìlú. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn. Ẹni kan á ní odò báyìí ló wà lẹ́yìn ibẹ̀, èkejì á ní irọ́ ni, àpáta ni. Nígbà tí wọ́n parí, fọ́tò bíi igba ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n ti yà á mọ́. Ó kó wọn sínú fódà kan, ó kọ "A kò mọ̀" sí i lára. Ó sọ fún mi pé èyí ni ó máa ń dun òun jù, torí pé omi ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ níbì kan báyìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibẹ̀.

Àwọn èèyàn kò yà sórí tábìlì rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ní oṣù àkọ́kọ́ ṣe òun bí ọ̀fọ̀. Àmọ́ ó lọ sí ìsinmi ní ọdún yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́fà tí ó lọ tí fóònù rẹ̀ kò dún.

Ìdí tí mo fi ní kí o jókòó nìyí, Abọ́sẹ̀dé.

Ilé iṣẹ́ tiwa kì í gbẹ́ kànga. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ni a ń ká sórí fídíò, ìwọ ni o sì ń tọ́jú wọn láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsinmi ìbímọ rẹ máa bẹ̀rẹ̀. Lánàá, ọ̀gá béèrè bí a óò ṣe máa rí fídíò láàárín oṣù mẹ́ta tí o kò ní sí. O rẹ́rìn-ín, o gbé fóònù rẹ sókè, o ní, "Ẹ ṣáà pè mí. Kódà kí n wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí, màá sọ ibi tó wà fún yín." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún ọ. Èmi kò pàtẹ́wọ́, o sì rí mi, mo mọ̀ pé ó bí ọ nínú díẹ̀.

Mo ti rí ohun tí o kọ sínú kọ̀ǹpútà yẹn. Mo rí "Tuntun". Mo rí "Tuntun gan-an". Mo rí "Èyí tí ọ̀gá fẹ́ràn" àti "Aṣọ búlúù". Ìwọ mọ̀ wọ́n, n kò ṣiyèméjì. Ọkùnrin yẹn náà mọ iyán tirẹ̀. Àmọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, n kò fẹ́ kí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ ní láti ṣófo kí wọ́n lè gbé ọmọ lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè ọ́ láàárín ogójì ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí ó jẹ́ láti kí ọ kú ewu ni.

Ọjọ́rú la wà yìí. Ọjọ́ méjì kò tó fún gbogbo rẹ̀, má sì dán an wò, ara rẹ kò gbà á. Pe ẹni méjì jókòó tì ọ́, kí ìwọ máa sọ, kí wọ́n máa kọ. Àwọn ẹ̀kọ́ tí iléèwé máa béèrè ní sáà tó ń bọ̀ ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ kọ kíláàsì sí i, ẹ kọ ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ àti orúkọ olùkọ́ àti ọjọ́ tí a ká a. Èyí tí o kò bá rántí, kọ ọ́ pé o kò rántí, kì í ṣe ìtìjú. Àwọn ọmọ ni wọ́n ni ẹ̀kọ́ yẹn, Abọ́sẹ̀dé. Ìwọ kàn ń bá wọn mú un dání. Fídíò tí ó jẹ́ pé ìwọ nìkan lè rí i, o kò tíì tọ́jú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó yá, ṣí "Aṣọ búlúù" yẹn, kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Má tíì wò ó. Sọ fún mi ná: olùkọ́ wo ló wọ̀ ọ́?